Owó Kòrónà Tí Mo Kọ̀ Láti San

Mo jẹ gbèsè, owó tí mo lè fi san án wà nínú àpótí mi, ṣùgbọ́n n kò san án. Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nìyẹn. Ọjà kò kùtà mọ́ mi lọ́wọ́, olè kò jà mí, àìsàn kò sì gbọ́n owó mi lọ. Ẹ̀yáwó àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yá mi fún òwò, nígbà tí kò sí báńkì kan tí ó mọ̀ mí, ni mo gbà, tí mo fi ra ọjà, tí mo jèrè lórí rẹ̀, tí mo sì wá pinnu pé n kò ní dá a padà. Èyí tí ó tún burú jù níbẹ̀ ni pé mo gba àwọn obìnrin mìíràn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má san tiwọn náà.

Ìrẹsì ni mo ń tà ní Kasuwan Gwari, ní Minna. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Òwò ló gbé e wá síbí, bí ó ti gbé ọ̀pọ̀ Yorùbá wá láti ìgbà tí ojú irin tó ti Èkó wá ti pàdé èyí tó lọ láti Baro sí Kano ní Minna, ní nǹkan bí ọdún 1912. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Nupe ni mo ti ń kó ìrẹsì, ní Doko, ní Badeggi àti ní àwọn abúlé tó yí Bida ká. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ, èmi á wá gbé e gba ojú ọ̀nà Bida tó kún fún kòtò wá sí Minna, láti máa fi mudu wọ̀n ọ́n tà.

Ẹni tó bá mọ òwò yìí mọ̀ pé ìgbà ìkórè ni èrè rẹ̀ wà, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kìíní. Nígbà náà ni ìrẹsì pọ̀ nílẹ̀, tí àgbẹ̀ ń wá owó kíákíá láti san owó iléèwé ọmọ àti gbèsè ajílẹ̀. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á rà, á kó o pamọ́, á máa tà á díẹ̀díẹ̀ títí òjò á fi dé. Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ á máa rà á lọ́wọ́ ẹni tó ní, á sì máa jẹ èrè tín-ín-rín. Ọ̀wọ́ kejì yìí ni mo wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Báńkì kò dá mi lóhùn. Wọ́n ń béèrè ìwé ilẹ̀, yàrá àyágbé ni mo ń gbé. Wọ́n ní kí n mú onígbọ̀wọ́ tó ń gba owó oṣù wá, n kò sì rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ fi owó oṣù rẹ̀ dúró fún mi. Wọ́n ní kí n fi owó tó ń wọlé tó ń jáde nínú àkáǹtì mi hàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ inú àpò aṣọ ni owó mi ń wọ̀, inú àpò aṣọ náà ló sì ti ń jáde. Àjọ nìkan ló ń gbà mí. Èmi gan-an ni olórí àjọ wa, obìnrin ogún, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí owó wọn ti ń gba ọwọ́ mi kọjá, kọ́bọ̀ ẹnì kan kò sọnù rí. Bí ọjọ́ kíkó bá pé tí ẹnì kan kò tíì dá, èmi á fi tèmi dí i, kí ojú má baà ti ẹni tó kàn láti kó. Gbogbo ọjà ló mọ̀ mí mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n báńkì kò lè rí i, nítorí inú ìwé kékeré kan àti inú orí wa ni gbogbo rẹ̀ wà.

Kòrónà ló ṣí ilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde 50 bílíọ̀nù náírà fún àwọn ìdílé àti àwọn oníṣòwò kéékèèké tí àrùn náà pa lára, wọ́n sì fi pípín rẹ̀ sí ọwọ́ NIRSAL Microfinance Bank. Èlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún, iye tí òǹtajà bí èmi kò lè rí níbòmíràn. BVN mi, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí àwọn báńkì ń lò, àti òwò tí mo ń ṣe ni wọ́n fi mọ̀ mí, kò sí ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ níbẹ̀. Mo lọ sí kafé kan nítòsí Mobil, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ bá mi fọwọ́ sí gbogbo ibi tó yẹ ká fọwọ́ sí, n kò sì ka ọ̀kankan. Kí ìkórè tó dé, 250,000 náírà wọlé sí àkáǹtì mi. Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí gbà pé èmi náà tó ẹni tí wọ́n ń yá lówó.

Ìrẹsì ni mo fi gbogbo rẹ̀ rà. Nígbà tí òjò ọdún 2021 máa fi balẹ̀, mo ti tà á tán, owó tí mo yá àti èlé rẹ̀ ti pé. Mo ya á sọ́tọ̀, mo dì í sí etí gèlè àtijọ́ kan, mo fi sí ìsàlẹ̀ àpótí, mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá ti ní ká máa san, màá gbé e lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjà ti wọlé. Wọ́n ní owó ìjọba ni, pé ìpín tiwa nínú owó epo ló dé sọ́wọ́ wa yẹn. Wọ́n ní ẹ wo TraderMoni, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mẹ́wàá tí wọ́n pín fún àwọn òǹtajà láti oṣù kẹjọ ọdún 2018, nígbà tí ìbò ọdún 2019 ń bọ̀. Ta ni wọ́n wá sin lówó nínú wa? Wọ́n ní àwọn tó kó bílíọ̀nù kò dá a padà, kí ló dé tí ìyá oníṣu fi máa dá ẹgbẹ̀rún padà? Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní, mo mi orí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fúnra mi.

Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé báwo ni obìnrin tó ń fi owó ara rẹ̀ dí àlàfo nínú àjọ ṣe wá rí owó yìí gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀fẹ́. Ìdáhùn tí mo rí kò gbè mí. Àwọn tí mo mọ ojú wọn, tí a jọ ń kí ara wa láàárọ̀, ni mo ń ṣe òótọ́ fún. Ẹni tó yá mi ní 250,000 yìí kò ní ojú tí mo lè rí, kò sí ilé tí mo mọ̀ sí i, kò sì ní wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Ìbẹ̀rù ojú ènìyàn ni mo ń pè ní ìwà rere. Nígbà tí kò sí ojú tó ń wò mí, mo tú gèlè náà, mo fi díẹ̀ kún ọjà, mo sì fi èyí tó pọ̀ jù kan páànù tuntun sí ilé bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Àwọn kan nínú àjọ wa náà gba owó yẹn. Wọ́n wá bá mi, wọ́n ní, "Ìyá, kí la máa ṣe sí ti owó Kòrónà yìí?" Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé owó ìjọba ni, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n. Ohun tí mo sọ ni wọ́n ṣe. Nítorí pé n kò jí kọ́bọ̀ wọn rí, ọ̀rọ̀ mi ní ìwúwo lọ́dọ̀ wọn, mo sì lo ìwúwo yẹn láti fi tì wọ́n sí ọ̀nà tí kò dára.

Bí wọ́n bá ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ gbèsè ránṣẹ́ sórí fóònù mi, màá pa á rẹ́. Mo pa àkáǹtì mi tì, mo ń fi ti ọmọ mi gba owó ọjà. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Àmọ́ gbogbo ìrẹsì tí mo tà láwọn ọdún yẹn, orúkọ ọmọ mi ni owó rẹ̀ ń gbà kọjá; tèmi gbẹ bíi pé n kò ṣòwò kankan.

Ohun méjì wà tí n kò mọ̀. Èkíní ni pé iléeṣẹ́ mẹ́ta wà ní Nàìjíríà, CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kó àkọsílẹ̀ ẹni tó yá owó àti bí ó ṣe ń san án jọ, àwọn báńkì ló sì ń fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí wọn. Èkejì ni ètò tí Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, tí wọ́n ń pè ní GSI. Bí ẹni tó fọwọ́ sí i kò bá san gbèsè rẹ̀ nígbà tó yẹ, ẹni tó yá a lówó lè mú owó náà àti èlé rẹ̀ nínú àkáǹtì mìíràn tí BVN onígbèsè bá wà lórí rẹ̀, ní báńkì yòówù kó jẹ́. Ó wà nínú àwọn ohun tí mo fọwọ́ sí ní kafé.

Ọdún 2023 dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà, owó bébà wọ́n ju omi ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Kò sí bí a ṣe lè fi ọwọ́ dá àjọ mọ́, tíránsífà ló kù. Àwọn obìnrin náà kò fẹ́ máa fi owó ránṣẹ́ sí orúkọ ọmọdé, wọ́n ní orúkọ olórí àjọ làwọn fẹ́ rí. Mo ṣí àkáǹtì mi padà. Ó ti pẹ́ tí n kò gbọ́ nǹkan kan nípa gbèsè, mo gbà pé wọ́n ti gbàgbé. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, àwọn àgbà ti sọ ọ́, èmi ni n kò fetí sí i.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún, owó ọkọ̀ láti Bida fò sókè, mo rí i pé bí n kò bá rí owó gidi yá kí ìkórè tó dé, àwọn ọlọ́jà ńlá á gbá mi dànù. Mo múra sílẹ̀ dáadáa: mo forúkọ òwò mi sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba CAC, mo kó ìwé ọjà mi jọ, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo lọ sí báńkì kéékèèké kan láàárín ìlú. Ọmọ Nupe kan tó kàwé ní Ìlọrin ló dá mi lóhùn, Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán.

"Màmá, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti yá owó báńkì rí?"

"Rárá, ọmọ mi. N kò yá owó báńkì rí láyé mi."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo gbà pé òótọ́ ni. N kò ka owó Kòrónà mọ́ ẹ̀yáwó mọ́ rárá. Ó tẹ BVN mi, ó dákẹ́ díẹ̀, ó lọ tẹ ìwé kan jáde, ó yí i sí mi, ó fi báírò rẹ̀ tọ́ka sí ìlà kan. Orúkọ mi ni, bí mo ṣe ń kọ ọ́ gan-an. Níwájú rẹ̀ ni àwọn àpótí kéékèèké tò sí, ọ̀kan fún oṣù kan. Àwọn tó ṣáájú kò ní àbàwọ́n. Lẹ́yìn wọn, iye ọjọ́ tí gbèsè ti pẹ́ kọjá àkókò ló wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ga sí i láti oṣù dé oṣù, títí dé ìparí ìlà náà, níbi tí wọ́n ti kà á mọ́ owó tí kò tún sí ìrètí pé yóò padà wá.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, ká ní lóòótọ́ ni pé ẹ ò yá owó rí, ọ̀nà wà. À bá fi yín sínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Àmọ́ pẹ̀lú èyí, n kò lè gbé ìwé yín dé iwájú ọ̀gá mi."

Mo ti kọ́ ohun tó pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó ń ṣe adelé Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí òfin méjì lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan gbà pé kí ọjà, ẹ̀rọ àti ohun ìní mìíràn tó ṣeé gbé máa dúró fún ẹ̀yáwó, kí ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè fi ohun tó ní yá owó. Èkejì dá lórí àkọsílẹ̀ àwọn ayáwó. Òfin àkọ́kọ́ ì bá jẹ́ kí àpò ìrẹsì mi dúró fún mi. Òfin kejì ló fi ohun tí mo ṣe hàn. Báńkì tó ń bẹ̀rù ẹni tí kò mọ̀ lè dán an wò pẹ̀lú owó díẹ̀. Èmi kò sí lára àwọn tí wọn kò mọ̀ mọ́.

Ó yẹ kí n ti báńkì náà lọ san gbèsè mi, tàbí kí n lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pín in sí wẹ́wẹ́ fún mi. N kò lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ rí ti ìkórè ná. Ní oṣù kọkànlá, ìyá aláta kan ló kàn láti kó àjọ. Owó iléèwé ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì FUT ló ń dúró dè é. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó àwọn obìnrin náà pé, 200,000 náírà, mo sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fóònù mi dún. Mo rò pé ẹnì kan tún ti dá owó ni. Mo gbé e sún mọ́ iná, mo rí i pé owó jáde ni. Ohun tó ṣẹ́kù nínú àkáǹtì náà kò tó ra mudu ìrẹsì kan.

N kò lè sọ pé wọ́n jí i. Gbèsè mi ni wọ́n gbà, ní ọ̀nà tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà sí. Àmọ́ owó tí wọ́n fi gbà á kì í ṣe tèmi. Owó obìnrin tó ń jí láago mẹ́rin ìdájí láti lọ ra ata ni.

Mo kó gbogbo ìrẹsì tó wà nílẹ̀ mi síta lọ́jọ́ náà, mo tà á fún ọlọ́jà ńlá kan ní iye tó bá fẹ́, nínú oṣù tí ìrẹsì pọ̀ jù lọ. Mo san owó ìyá aláta pé kí ọjọ́ tó pé. N kò ní owó tí mo lè fi wọ ìkórè. Láàárín oṣù mélòó kan, owó ìrẹsì lọ sókè bí a kò ṣe rí i rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2024, àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ jáde ní oríta Kpakungu ní Minna, wọ́n dí ojú ọ̀nà Bida, wọ́n ń ké pé ebi ń pa àwọn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn oníbàárà tí mo ti ń tà fún láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti wà lẹ́yìn wọn wá sí ìsọ̀ mi, wọ́n bá a lófìfo, wọ́n kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà.

Èyí tó wúwo jù ni ìpàdé àjọ. Mo pè wọ́n jọ, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: owó inú gèlè, páànù Ògbómọ̀ṣọ́, owó ìyá aláta tí wọ́n mú láìjẹ́ pé ó mọ̀. Wọn kò bú mi. Wọ́n gba ìwé àjọ lọ́wọ́ mi, wọ́n fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ìgbà náà ni obìnrin kan tó ń ránṣọ dìde. Ó ní báńkì kọ òun náà nígbà tí òun fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún òun. Ó wò mí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí rẹ̀ ni. Ọ̀kan lára àwọn tí mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀ ni.

Ìtàn kan wà tó jẹ́ kí n mọ ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an. Ní ọdún 1976, Muhammad Yunus, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Bangladesh, yá àwọn aláìní méjìlélógójì ní abúlé Jobra lówó, dọ́là 27 ni gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó ní ohun ìdúró nínú wọn. Lórí pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń dá owó padà ni Grameen Bank ti dúró ní ọdún 1983, Yunus àti báńkì náà sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2006. Ká ní àwọn wọ̀nyẹn sọ pé owó ọ̀jọ̀gbọ́n ni, pé ó ní in lọ́pọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tàbí owó oṣù, sísan tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ san ló ń jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Nígbà tí mo kọ̀ láti san, kì í ṣe àwọn tó kó bílíọ̀nù ni mo fìyà jẹ. Obìnrin tó ń wá ẹ̀rọ ìránṣọ ni.

Nítorí náà, ẹni tó ń wá ẹ̀yáwó àkọ́kọ́, tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ná mi lówó kí n tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí owó ọjà yín máa gba àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ yín kọjá, bó ti wù kó kéré mọ, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹ má ṣe fi owó àjọ sínú àkáǹtì tí ẹ fi ń ná owó ara yín. Ẹ ka ohun tí ẹ bá ń fọwọ́ sí, tàbí kí ẹ mú ọmọ tó lè kà á dání. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ yín lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó lọ sí báńkì. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ sì lè ta ko ohun tí kò bá tọ̀nà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ fẹ́ ti yá owó, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ayánilówó náà wà lára àwọn tí iléeṣẹ́ ìjọba FCCPC fọwọ́ sí. Láti ọdún 2022 ni iléeṣẹ́ náà ti ní kí àwọn ayánilówó orí fóònù máa forúkọ sílẹ̀. Bí ọjọ́ sísan bá pé tí owó kò pé, ẹ lọ fojú kan ẹni tó yá yín kí òun tó wá yín.

Mo ti san ìyókù gbèsè náà tán, mo sì gba ìwé rẹ̀. Àwọn oṣù tí n kò san ṣì hàn nínú àkọsílẹ̀ mi. Báńkì kéékèèké yẹn ti yá mi ní owó kékeré kan nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, kò tó ìdá mẹ́ta ohun tí mo béèrè, mo sì ń san án kí ọjọ́ tó pé. Obìnrin tó ń ránṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í san tirẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ tí wọ́n fi pín in sí wẹ́wẹ́ fún un. Àwọn yòókù tí mo sọ fún pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀ ṣì wà, ní Bosso, ní Tunga, ní Chanchaga. Ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí. Irọ́ ni mo pa fún yín. Gbèsè ni owó náà, ẹ wá ká lọ san án. Ẹ mọ ìsọ̀ mi. Ọjọ́ tó bá wù yín, màá ti í, màá sì bá yín lọ.